Ohun tí Ọpọ́n Ayò Kọ́ Mi

Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ. Bí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ayò ní ilẹ̀ Yorùbá, báyìí ni a ṣe ń kí wọn. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò ta, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta. Èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé ọ̀ta ní í jẹ́, ọ̀pẹ kì í fọhùn. Èmi tí mò ń kọ àròkọ yìí, ọ̀pẹ ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀pẹ fọhùn lẹ́ẹ̀kan yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà ní ọkàn mi tí mo fẹ́ sọ.

Nínú yàrá ìṣeré ní ilé-gbígbé wa, ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì mẹ́rin ni ó wà lórí tábìlì. Ọpọ́n ayò kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n sì jù ú sí, tí eruku bò ó. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé e jáde tí mo ń nù ún, akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣẹ́ẹ̀sì ni eré àwọn ọlọ́pọlọ, pé eré àwọn arúgbó tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni ayò. N kò bá a jà. Èmi náà máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣubú ní ọdún kejì mi ní Yunifásítì, ayò ni ó jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti kọsẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú eré yìí fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí n sì rán àwọn tí ó mọ̀ ọ́n létí.

BÍ A ṢE Ń TA Á

Ọpọ́n ayò ní ilé 12, mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sí ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni ọmọ ayò. Ó le, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ènìyàn méjì ni ó ń ta ayò. Ẹni tí ó bá kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé tí ó tẹ̀lé e, láti òsì lọ sí ọ̀tún, títí yóò fi wọ ìhà ẹnìkejì bí wọ́n bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ tí ó jù sílẹ̀ kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí ohun tí ó wà nínú ilé náà sì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Bí ilé tí ó ṣáájú èyí, ní ìhà ẹnìkejì kan náà, bá di méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú, yóò jẹ ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa padà sẹ́yìn títí yóò fi kan ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọmọ mẹ́ta bá wà ní ilé tí ó kángun sí ọ̀tún mi, tí ọ̀kan, méjì àti ọ̀kan sì wà nínú ilé mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ kàn mí ní ìhà ẹnìkejì, bí mo bá ta mẹ́ta mi wọn yóò di méjì, mẹ́ta àti méjì. Méje ni n ó jẹ. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó pa ayò. Bí olúkúlùkù bá jẹ 24, wọ́n ta ọ̀mì.

Òfin pàtàkì rẹ̀ kò ju èyí lọ, àfi ọ̀kan tí n ó sọ níwájú. Ọmọ ọdún méje lè kọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ọdún méje ni mo sì wà nígbà tí bàbá mi àgbà kọ́ mi, ní Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì. Bí wọ́n bá ti kúrò ní ìdí òfì ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àti àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ wọn yóò gbé ọpọ́n sí iwájú ilé. Àwọn kan ń sọ pé ayò kì í ṣe eré obìnrin. Bàbá mi àgbà kì í dá wọn lóhùn. Wọn yóò kàn pe oríkì mi, wọn yóò ní, "Àkànkẹ́, jókòó, ó kàn ọ́."

ÌBẸ̀RẸ̀ KÌ Í MÚ ÈRÈ WÁ

Ohun kan wà nínú ayò tí inú máa ń bí mi sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Nínú ìta kìn-ín-ní, kò sí ẹni tí ó lè jẹ ohunkóhun. Kò sí bí a ṣe lè ta á tí yóò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ta yóò rí i pé mẹ́rin ni ó wà nínú gbogbo ilé ẹnìkejì, èyí tí ọmọ tirẹ̀ bá sì bọ́ sí yóò di márùn-ún. Ẹnìkejì náà kò lè jẹ nínú ìta tirẹ̀ kìn-ín-ní, nítorí pé ilé tí ó ṣófo yóò di ẹyọ kan, àwọn yòókù sì ti pọ̀ jù. Olúkúlùkù ní láti ta, kí ó tún ta, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan nǹkan.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́, ọdún àkọ́kọ́ wa ni ó dà bí ìta yìí. A dé, a fẹ́ kí gbogbo ayé ti mọ̀ wá ní oṣù kejì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn yóò sọ pé àwọn kò yan iṣẹ́ tí ó dára, pé tí àwọn bá mọ̀ ni, àwọn ìbá ti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ẹni tí ó ń ta ayò mọ̀ pé àwọn ìta tí kò mú nǹkan bọ̀ ni ó ń tún ọpọ́n ṣe fún àwọn tí yóò mú nǹkan bọ̀.

WO ILÉ ẸNÌKEJÌ KÍ O TÓ WO TÌRẸ

Ọ̀pẹ máa ń wo ìhà tirẹ̀ nìkan. Bí ó bá rí ibi tí yóò ti jẹ méjì, yóò sáré jẹ ẹ́. Kò ní wò ó pé ìta náà gan-an ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnìkejì láti jẹ márùn-ún. Àìmọye ìgbà ni bàbá mi àgbà fi èyí pa mí ní ayò. Wọn yóò jẹ́ kí n jẹ méjì, wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò sì kó márùn-ún. Nígbà tí mo bá ń bínú, wọn a ní, "Àkànkẹ́, ilé mi ni kí o kọ́kọ́ wò. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí ọ?"

Ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ṣẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú. Ẹni tí ó mọ ṣẹ́ẹ̀sì, bí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti gbé ọmọ-ogun kan, kò ní kọ́kọ́ ronú ohun tí òun fẹ́ ṣe. Yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni yìí ń wá tí ó fi gbé e síbẹ̀. Bí a bá mú àṣà yìí kúrò lórí ọpọ́n wá sí yàrá wa, ìjà yóò dín kù. Ọ̀pọ̀ nínú èdè-àìyedè tí ó ń wáyé láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ohun tí ó ń fà á ni pé olúkúlùkù ń ka ọmọ inú ilé tirẹ̀ nìkan.

ODÙ TÍ KÒ NÍ ÌTA KÉKERÉ

Ibí yìí ni mo ti ṣubú. Odù ni a ń pe ilé tí ọmọ ayò pọ̀ sí, tí ẹni tí ó ni ín ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ láìta á, nítorí ọjọ́ iwájú. Bí ó bá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò yí ọpọ́n po, yóò fo ilé tí a ti kó o, yóò sì tẹ̀síwájú. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé odù mi jẹ́ 14, ó sì wà ní ilé tí ó kángun sí ọ̀tún mi. Bí ilé mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ kàn mí ní ìhà ẹnìkejì bá ṣófo, méjì méjì ni yóò bọ́ sí wọn, n ó sì jẹ mẹ́fà. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò dà, mẹ́sàn-án ni n ó sì jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abájọ tí odù fi máa ń wu gbogbo ọ̀pẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà níbẹ̀. Bí ó bá ti kàn wá, dandan ni kí á ta. A kò lè sọ pé a fẹ́ sinmi. Bí gbogbo ilé yòókù ní ìhà tiwa bá ti ṣófo, odù náà ni a ó fi ọwọ́ ara wa tú ká, bí àsìkò rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì tó. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀ta kì í fi odù ṣeré. Wọn a máa tọ́jú ọmọ kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé kékeré, èyí ni wọn yóò máa fi rọra rìn títí ọjọ́ odù yóò fi pé. Ẹyọ kan tí kò jọ ojú ni ó ń dá odù sí.

Ní ọdún kejì mi, iṣẹ́ kan wà nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí a ní láti ṣe. Iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́ta àti ìdánwò kékeré kan wà nínú rẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ máàkì 30 nínú 100. Ẹyọ kan péré ni mo ṣe nínú iṣẹ́ àṣetiléwá náà. Ní ọjọ́ ìdánwò kékeré, ayẹyẹ kan ni mo lọ. Mò ń sọ fún ara mi pé máàkì 70 ṣì ń bẹ níwájú, pé n ó ka gbogbo ìwé náà pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó bá kù. Odù ni mò ń kó. Ọ̀sẹ̀ méjì náà dé, ibà sì bá a dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, máàkì 31 ni mo gbà ní àpapọ̀. Mo fìdí rẹmi.

Mo lọ sí Ìṣẹ́yìn ní ìgbà ìsinmi. Gbogbo ẹni tí ó bi mí léèrè ni mo sọ fún pé ibà ni ó fà á. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi àgbà, wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu. Ṣé ibà náà ni kò jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ méjì tí ó kù?" N kò rí èsì kankan fọ̀.

Wọ́n gbé ọpọ́n. Wọ́n kó ọmọ 13 sí ilé kẹrin ní ìhà tèmi, wọ́n jẹ́ kí gbogbo ilé mi yòókù ṣófo. Wọ́n fi díẹ̀ sí ìhà tiwọn, méjì sì wà nínú èyí tí ó kángun sí ọ̀tún wọn. Wọ́n ní, "Ó kàn ọ́. Ta." Mo ta á. Ó yí ọpọ́n po, ìhà tèmi náà ni ọmọ ìkẹyìn tún bọ́ sí, n kò sì jẹ ohunkóhun. Méjì tiwọn ti di mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Wọ́n kó mẹ́ta náà, wọ́n jù wọ́n sí ilé mi mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n sì jẹ mẹ́fà. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọmọ mẹ́fà náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo sì ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti dá ibà lẹ́bi mọ́. Ibà lè dé bá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ́ kí ó bá mi nígbà tí n kò ní ìta kékeré kankan.

BÍ ILÉ ẸNÌKEJÌ BÁ ṢÓFO

Mo ṣèlérí pé n ó sọ òfin kan tí ó kù. Bí gbogbo ilé ẹnìkejì bá ṣófo, tí ìta kan sì wà lọ́wọ́ mi tí yóò dé ìhà tirẹ̀, dandan ni kí n ta ìta náà, kí òun náà lè rí nǹkan ta. Bí kò bá sí ìta tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìgbà náà ni ayò tó parí, tí n ó sì kó èyí tí ó kù sí ìhà mi. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí mo ń dù láti pa ni òfin sọ pé kí n bọ́. Ṣẹ́ẹ̀sì náà ní ohun tí ó jọ ọ́: bí mo bá há ẹnìkejì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ibi kankan tí ó lè sún sí, nígbà tí n kò sì dojú ogun kọ ọba rẹ̀, ọ̀mì ni a ta, gbogbo agbára mi sì di òfo. Ṣùgbọ́n ayò kò dúró kí a ṣàṣìṣe kí ó tó fi jẹ wá níyà. Ó ti pàṣẹ ṣáájú pé kí á bọ́ ọ. Àwọn àgbà ní à ń jà bí i ká kú kọ́.

Nígbà tí mo padà dé láti tún iṣẹ́ tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ṣe, ẹnìkan wà ní kíláàsì wa tí àwa méjèèjì jọ ń dù ipò iwájú láti ọdún kìn-ín-ní. A kì í bá ara wa ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ máàkì ẹnìkejì. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn sí ìṣubú mi. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà wá bá mi ní yàrá, odindi rẹ̀, pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ ti ṣe àtúnṣe sí. Ó ní kí n dá a padà nígbà tí mo bá parí. Ilé mi ti ṣófo, ó sì ta fún mi. Mo ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá ní ọdún náà, mo sì gba máàkì 64. Òun ṣì ni ó wà níwájú mi títí di òní, ìwé tí ó sì yá mi kò fa nǹkan kan kúrò nínú tirẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ Ọ̀MÌ

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, John Romein àti Henri Bal, ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà yẹ irú ayò tí wọ́n ń pè ní awari wò. Eré yìí àti ayò ọlọ́pọ́n tiwa, ọmọ ìyá ni wọ́n: ilé 12, ọmọ 48, jíjẹ méjì àti mẹ́ta. Wọ́n yẹ gbogbo ọ̀nà tí ọmọ fi lè wà lórí ọpọ́n wò, iye rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 889. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀mì ni wọn yóò ta, 24 sí 24.

Ìròyìn yìí wọ̀ mí lára nígbà tí mo kà á. Eré tí àwọn kan ń pè ní ti arúgbó ni ó gba irú akitiyan yìí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó tún ju ìyẹn lọ ni pé kò sí ẹni tí a dá láti máa pa ẹnìkejì rẹ̀ ní ayò. Ọgbọọgba ni a jókòó, àṣìṣe ni ó ń yà wá. Bí wọ́n bá pa mí, ibì kan wà tí mo ti ṣì í ta, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí n lọ wá.

ṢÉ ERÉ NÌKAN TÓ?

Kò yẹ kí n tan ẹnikẹ́ni jẹ. Mímọ ayò ta kò sọ ènìyàn di ọlọ́gbọ́n lẹ́yìn ọpọ́n. Bobby Fischer, ará Amẹ́ríkà, gba oyè àgbáyé nínú ṣẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ Boris Spassky ní 1972. Ní 1975, ó kọ̀ láti gbèjà oyè náà, wọ́n sì fi í fún Anatoly Karpov. Ogún ọdún ni ó fi kúrò nídìí ìdíje. Ọlọ́pọlọ ni lórí ọpọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọpọ́n, ọ̀tọ̀ ni ayé. Ní ilé wa náà, a mọ àwọn tí wọ́n ń ta ayò láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí oko wọn di igbó. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Túndé Onakoya dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, ó sì ń fi ṣẹ́ẹ̀sì kọ́ àwọn ọmọ tí ó wà ní àdúgbò bí i Mákòókò ní Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí 60 ni ó fi ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní New York, láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Òun mú eré kúrò lórí ọpọ́n, ó fi bọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ ṣófo. Bí ènìyàn kò bá gbé ẹ̀kọ́ náà kúrò níbi tí ó ti kọ́ ọ, ìdí ọpọ́n ni yóò fi í sílẹ̀ sí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí Ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á gbé ọpọ́n ayò kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì lórí tábìlì kan náà. Nígbà Ọ̀sẹ̀ Àṣà tí ó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìdíje, kí akẹ́kọ̀ọ́ bá olùkọ́ ta, kí obìnrin bá ọkùnrin ta. Láàárín àwọn tí ó ń wòran ayò, kò sí ìdákẹ́rọ́rọ́ bí i ti ṣẹ́ẹ̀sì. Olúkúlùkù a máa sọ tirẹ̀, àwọn tí ó ń ta a sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láìbínú. Èyí pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa, àwa tí ọ̀rọ̀ kékeré ń ta lára.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ayò ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjọ́ náà ti wá jókòó sí iwájú mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó pa mí, 26 sí 22. Mo ṣì ń wá ibi tí mo ti ṣì í ta.